Nígbà Tí Ilé Kò Bá Gba Ọmọ Ìyá Méjì Mọ́

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 13:1-12 àti 14:12-16.

 

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn máa ń kéde níwájú pẹpẹ. Ẹni tí ó bá bá kì í fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́. Alẹ́ ni ó máa ń gbé e wá bá àwọn àgbà ìjọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ẹni ni, ẹni tí ó ti dàgbà, tí ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ó fi ń ṣiṣẹ́, tí ó ń gbé inú ilé wa, tí a fẹ́ kí ó lọ gba ilé tirẹ̀, tí ẹnu wa sì kọ̀ láti sọ ọ́.

Bí ó ti sábà máa ń rí nìyí. Ẹ̀gbọ́n ń gbé Àjàṣẹ́ nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan, òun àti ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Àbúrò ti Kétu wá, ó ní oṣù mẹ́ta péré ni òun yóò lò kí òun tó ríṣẹ́. Ó sì ríṣẹ́ lóòótọ́: ó ń fi alùpùpù gbé èrò, iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí zémidjan. Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di mẹ́fà. Pálọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí lálẹ́, nítorí náà àwọn ọmọ kò rí ibi kàwé. Ọmọbìnrin tí ó ti ń dàgbà kò lè jáde lọ wẹ̀ ní ìdájí láìjẹ́ pé ó ré ẹsẹ̀ ọkùnrin tí ó sùn kọjá. Ìyàwó ń pọn omi, ó ń kùn. Owó iná dé, ẹ̀gbọ́n nìkan ni ó san án. Kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àbúrò, inú rẹ̀ sì ń gbóná bí ààrò.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí máa ń ṣe. Kò ní bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè sọ fún ìyàwó pé kí ó dín oúnjẹ kù. Ó lè lọ bá onílé sọ ọ́, kí onílé lè dà bí ẹni tí ó ń lé e. Tàbí kí ó wọ sùtánà rẹ̀, kí ó ra àbẹ́là, kí ó wá sí ìsìn Ọjọ́rú, kí ó kúnlẹ̀ níwájú aríran, kí ó ní, "Ẹ bá mi wò ó o, nǹkan mi ò lọ déédéé, àfi bí ẹni pé ẹnì kan nínú ilé ń dí mi lọ́wọ́." Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti rí ìran náà tán fúnra rẹ̀ kí aríran tó la ẹnu. Ohun tí ó ń wá kù ni ẹni tí yóò bá a lu òǹtẹ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ sí i.

Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì jáde, kì í dúró nínú ilé ìsìn. Yóò dé etí ìyá ní Kétu pé wọ́n rí èyí àbúrò níbi tí ó ti ń jẹ oríire ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbúrò yóò kó ẹrù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láì dágbére. Ilé yóò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan ti di oṣó lẹ́nu ará àdúgbò nítorí pálọ̀. Ta ni yóò wẹ orúkọ náà mọ́ fún un? Omi ìyàsímímọ́ ìgò mélòó ni a ó dà sí i?

Nítorí èyí ni a ṣe ń kọ ẹ̀kọ́ yìí. A kò kọ ọ́ láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí ọmọ ìyá òun lọ gba ilé. A kọ ọ́ láti sọ pé ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́. Àwọn baba wa ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Mímọ́. Ọmọ arákùnrin Ábúrámù ni Lọ́tì í ṣe. Háránì bàbá rẹ̀ ti kú ní Úrì, Ábúrámù sì mú ọmọ náà lọ́wọ́ rìn dé ilẹ̀ Kénáánì. Wọ́n jọ kúrò ní Íjíbítì. Wọ́n jọ ní ìbùkún pẹ̀lú: Ábúrámù ní ẹran ọ̀sìn, fàdákà àti wúrà; Lọ́tì náà ní agbo ẹran, ọ̀wọ́ màlúù àti àgọ́. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọwọ́ àwọn tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ábúrámù, kì í ṣe Lọ́tì. Àwọn darandaran wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní: àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi, tí wọ́n jọ ń dáná, àwọn ni iná náà kọ́kọ́ máa ń jó. Olórí ilé á ní ìjà obìnrin ni, ìjà ọmọdé ni. Rárá o. Ilẹ̀ ni kò gbà wọ́n. Ẹsẹ kẹfà sọ ọ́ kedere pé ilẹ̀ náà kò lè gba àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí pé ohun ìní wọn ti pọ̀ jù. Kò sí oṣó níbẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀. Ibùgbé há ni.

Ẹsẹ keje tún fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá, pé àwọn ará Kénáánì àti àwọn ará Pérísì ń gbé ilẹ̀ náà ní ìgbà náà. Kí ni tiwọn nínú ọ̀ràn ìbátan méjì? A gbà pé ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn kan ń wòran. Àwọn tí kò mọ Ọlọ́run Ábúrámù ń wo bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Ní Àjàṣẹ́ tiwa níbí, ẹnu ọ̀nà ilé kan kò jìnnà sí òmíràn. Ẹ kò nílò láti ṣí fèrèsé kí aládùúgbò tó gbọ́ yín.

Kí ni Ábúrámù ṣe? Òun ni àgbà, òun ni Ọlọ́run pè, òun ni ó ni ìlérí. Síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. Kò rán ìránṣẹ́, kò rán ìyàwó rẹ̀. Ó sọ fún Lọ́tì fúnra rẹ̀ pé kí ìjà má ṣe wà láàrin wọn nítorí ará ni wọ́n jẹ́, kí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí Lọ́tì mú ibi tí ó bá wù ú, kí òun mú èyí tí ó kù. Ẹ wò ó dáadáa: nínú ọ̀rọ̀ kan náà tí ó fi ní kí ó lọ ni ó ti pè é ní ará. Àwa a máa ń ya méjèèjì. Nígbà tí a bá ń pè é ní ọmọ ìyá, a kò lè ní kí ó lọ; nígbà tí a bá wá fẹ́ kí ó lọ, a ó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ ọmọ ìyá kúrò lára rẹ̀, a ó fi ti ọ̀tá wọ̀ ọ́.

Lọ́tì yan pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì tí omi pọ̀ sí, ó pàgọ́ rẹ̀ títí dé ìhà Sódómù. Kò yàn dáadáa, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun kó o, tí ẹnì kan sá àsálà wá sọ fún Ábúrámù, Ábúrámù kò ní "ṣebí òun ló yan ibẹ̀." Ó kó àwọn ọkùnrin 318 tí a bí nínú ilé rẹ̀, ó lépa àwọn ọba náà dé Dánì, ó kọlù wọ́n ní òru, ó tún lé wọn dé Hóbà lẹ́bàá Damásíkù, ó gba Lọ́tì padà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ dá wa lóhùn: ẹni tí ó fi ìran èké lé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde, ǹjẹ́ ó lè dìde lóru bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀? Ojú yóò tì í láti bèèrè àdúgbò tí ó ń gbé pàápàá.

Jákọ́bù ṣe é lódì kejì. Ó ti lo ogún ọdún nínú ilé Lábánì àna rẹ̀, ó sì lọ láì wí. Ọjọ́ méje ni Lábánì fi lé e. Òkìtì òkúta ni wọ́n fi parí rẹ̀, tí wọ́n búra pé kí ẹnì kan má ré e kọjá wá ṣe ẹnì kejì ní ibi. Àwọn ilé kan wà nínú ìjọ tí irú òkìtì òkúta bẹ́ẹ̀ wà láàrin wọn, tí àwọn ọmọ kò sì mọ ẹni tí ó kó o jọ.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ̀yin àgbà ìjọ, Orin Dáfídì 133 ńkọ́?" A mọ̀ ọ́n, a sì ń kà á. Ìrẹ́pọ̀ ni Dáfídì ń yìn níbẹ̀, kò dárúkọ pálọ̀. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń sùn lábẹ́ òrùlé kan, tí wọn kò jọ fọwọ́ bọ àwo kan láti ọdún tó kọjá, ṣé àwọn ni òróró Áárónì ń ṣàn sí nírùngbọ̀n?

A kò sì ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kúrò nílẹ̀ wọn. Àwọn ènìyàn gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí, ti Tógò ń lọ sí Tógò, ti Gánà ń lọ sí Gánà. Èyí tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Kútọ̀nú tàbí ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀gbọ́n ni ó dé. Kò sí ẹni tí ó bi í pé ọjọ́ mélòó. Ó tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020: ẹni tí òwò ẹnubodè ń bọ́ kò rí owó ilé san mọ́, ó kó wọ ilé ọmọ ìyá. Ilẹ̀kùn tí a ṣí nígbà náà, Ọlọ́run ni a ṣí i fún. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì (1 Tímótì 5:8) pé ẹni tí kò bá tọ́jú àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ka Gálátíà orí kẹfà. Ẹsẹ kejì ní kí a máa bá ara wa ru ẹrù. Ẹsẹ karùn-ún ní olúkúlùkù ni yóò ru tirẹ̀. Àwọn kan ní ó tako ara wọn. Kò tako ara wọn rárá. Ẹni tí wọ́n lé dé láti ìlú òkèèrè, ẹrù rẹ̀ a jọ ń rù ú ni. Ẹni tí ó ti ń ríṣẹ́ ṣe láti ọdún márùn-ún, tí ó ń ra bàtà tuntun ní gbogbo ọdún Kérésì, ẹrù tirẹ̀ ti tó o gbé.

Báwo ni a ó wá ti sọ ọ́? Kọ́kọ́ gbàdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Àbẹ́là kan tó. Má gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú un lọ o. Gbàdúrà pé kí Ó mú ìbínú kúrò lẹ́nu ìwọ gan-an. Lẹ́yìn náà kí ọkọ àti ìyàwó fẹnu kò. Má fi ìyàwó rẹ ṣe ìbòjú, kí o máa wí pé "ìyàwó mi ni kò fẹ́." Ọkùnrin tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fún àbúrò rẹ̀ ní ẹni tí yóò máa bá ṣọ̀tá títí ayé, òun alára á sì wá máa ṣe onílàjà. Mátíù 18:15 ní ìwọ àti òun nìkan. Ẹ jáde kúrò nínú ilé, ẹ wá ibi tí kò sí ọmọdé jókòó. Kì í ṣe alẹ́ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ebi. Kì í ṣe orí tẹlifóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Kí o sọ ọ́ báyìí, tàbí bí ó bá ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu: "Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. O ò ṣẹ̀ mí. Ilé yìí ló ti há fún wa, àwọn ọmọ ti dàgbà. Mo fẹ́ kí o gba yàrá tìrẹ kí ọdún Àjíǹde tó dé. Màá fi nǹkan kún owó ìṣáájú rẹ. Iye tí mo ní lọ́wọ́ nìyí. Ẹní àti ìkòkò tí o ń lò, tìrẹ ni, kó wọn dání. Ọmọ ìyá mi náà ni o ṣì jẹ́." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí ó fèsì. Bí ó bá sunkún, jẹ́ kí ó sunkún. Bí ó bá bínú, má ka gbogbo àwo oúnjẹ ọdún mẹ́fà sí i létí.

Kí ọjọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà o. "Tó bá yá" kì í ṣe ọjọ́. Kí ọjọ́ náà sì jẹ́ èyí tí ó lè tó o. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin ilé yíyá tí ó jáde ní ọdún 2018 sọ ọ́ nígbà náà pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó ìṣáájú tí ó ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ó ń rí owó lójoojúmọ́ tí ó sì ń ná an lójoojúmọ́. Nítorí náà fún un ní oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí mẹ́fà. Ọ̀nà kan tí a fẹ́ràn nìyí: kí àbúrò máa kó iye kan fún ẹ̀gbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń dá èsúsú, kí ẹ̀gbọ́n má fọwọ́ kàn án, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó bá rí yàrá. Ẹni tí ó bá ń rí owó ilé rẹ̀ tí ń pọ̀ sí i kì í rò pé wọ́n ń lé òun.

Àwọn ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí kò dé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni ó ń gbé ilé àbúrò, àbúrò kò gbọdọ̀ jókòó lórí àga kí ó máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó jáde. Kí ó bẹ àgbà kan nínú ẹbí, ẹni tí ẹ̀gbọ́n náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí òun náà wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́, kí ó má sá pamọ́ sẹ́yìn àgbà. Ọmọ ìyá tí ara rẹ̀ kò dá, tàbí tí orí rẹ̀ kò pé, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ilé baba kò sì sí nínú rẹ̀. Bí arábìnrin rẹ bá fi ilé ọkọ sílẹ̀ padà wá sí agboolé baba yín, ilé baba òun náà ni ó wá. Òfin ìdílé tí ó dé sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2004 fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ogún. Kí àkọ́bí tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ má rò pé òun ni ó ni ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ọmọ ìyá yín, ẹ má rò pé a gbàgbé yín. Òwe 25:17 ní kí ènìyàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ní ilé aládùúgbò, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má bàa sú u. Ẹ tún ka 2 Àwọn Ọba orí kẹfà. Àwọn ọmọ wòlíì ni ó kọ́kọ́ sọ fún Èlíṣà pé ibi tí àwọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ti há, kí ó jẹ́ kí àwọn lọ sí Jọ́dánì, kí olúkúlùkù mú ìtì igi kan, kí àwọn kọ́ ibùgbé. Wọn kò dúró kí ènìyàn Ọlọ́run máa wá ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì bá wọn lọ. Àáké tí ó bọ́ sínú omi níbẹ̀, àáké tí wọ́n yá ni. Nítorí náà kí ojú má ṣe tì yín bí ẹ bá yá ìkòkò lò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó ku ẹ̀yin wòlíì àti aríran. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀ràn ọmọ ìyá rẹ̀ wá síwájú yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ná: "Ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀?" Bí ó bá ní rárá, ẹ dá a padà sílé pẹ̀lú àbẹ́là rẹ̀. Jeremáyà 23 mẹ́nu ba àwọn wòlíì tí Ọlọ́run kò rán níṣẹ́, tí wọ́n sì ń sáré. Bí Ẹ̀mí bá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí 1 Kọ́ríńtì 14:29 ti là á sílẹ̀. Ẹ má kígbe rẹ̀ sétí àwọn ènìyàn. Aṣọ funfun yìí tí a ń tìtorí rẹ̀ bọ́ bàtà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí i lára wa kí ó máa bẹ̀rù pé wọn yóò fi ba òun lórúkọ jẹ́ nínú ilé ìyá òun.

Ní ọjọ́ tí yóò kó lọ, kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nínú ẹrù náà. Kí ìyàwó se oúnjẹ àkọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀. Kí àwọn ọmọ tẹ̀lé wọn, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà ilé àbúrò bàbá wọn. Kí wọ́n tan àbẹ́là nínú yàrá náà, kí wọ́n ka Orin Dáfídì 121, kí ẹ̀gbọ́n gbàdúrà, kí gbogbo wọn ṣe Àmín. Kí wọ́n tó túká, kí wọ́n dá ọjọ́ tí àbúrò yóò máa wá jẹun. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn dára, nítorí ilé ìsìn kan náà ni gbogbo wọn ti ń bọ̀.